Olóyè Solomon Alonge: Ayàwòrán Tó Tẹ̀lé Ojú Ọba Kan fún Ọdún 45

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ nínú ìwé ayẹyẹ ọdún kẹwàá yìí kì í ṣe ọmọ Mowo. Kì í ṣe Ẹ̀gùn, kì í sì í ṣe Àwórì. Ọmọ Ẹdó ni, ará Ìbíní. Kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú mọ́ àwa tí a wà létí ibodè lójú, Ìbíní tí à ń wí yìí kì í ṣe Benin tí a máa ń gba Sẹ̀mẹ̀ lọ. Dahomey ni ilẹ̀ yẹn ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọdún 1975 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ Benin. Ìbíní tí à ń sọ ni ìlú Ọba Ẹdó, níbi tí àwọn iṣẹ́ ọnà idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ti wá.

Solomon Osagie Alonge ni orúkọ ọkùnrin náà. Iṣẹ́ fọ́tò ló ṣe jẹun. A yàn án nítorí pé ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà ni wá, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló kó wa jọ, a kò sì mọ ayàwòrán mìíràn ní ilẹ̀ yìí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi ohun tí ọdún ń ṣe sí ojú ènìyàn hàn tó tirẹ̀.

Ọdún 1911 ni wọ́n bí i. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọdún yẹn. Ní 1911, kò sí ọba lórí ìtẹ́ ní Ìbíní. Ọdún 14 ti kọjá tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ya wọ ìlú náà ní oṣù kejì 1897. Iná jó ààfin, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ọnà idẹ àti eyín erin lọ, wọ́n sì gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar. Ọba náà ṣì wà láàyè níbẹ̀ nígbà tí ìyá Alonge bí i. Ní oṣù kìíní 1914 ló wàjà, láìfi ojú kan ilé mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, tó ń jẹ́ Eweka Kejì. Ọmọ ọdún mẹ́ta péré ni Alonge nígbà náà. Ìlú tí wọ́n bí i sí jẹ́ ìlú tí àwọn àgbà ń rántí ọba, tí àwọn ọmọdé kò sì tíì rí ọba rí.

Fọ́tò Ọba Ìbíní kan ti wà ṣáájú, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Jonathan Adagogo Green, ọmọ Bonny, ló yà á ní 1897, nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Ivy, nígbà tí wọ́n ń gbé Ovonramwen lọ sí ìgbèkùn. Ọba jókòó, aṣọ bò ó, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àwọn sójà dúró lẹ́yìn rẹ̀. Green mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ó wà lára àwọn adúláwọ̀ tó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ fọ́tò di iṣẹ́ gidi ní etíkun ilẹ̀ wa, ó sì ṣe wá láàánú pé kò tíì tó ẹni ogójì ọdún tó fi kú ní 1905. Kò sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọba tó jókòó níwájú kámẹ́rà rẹ̀ kò ránṣẹ́ pè é. Kò yan aṣọ tó wọ̀, kò yan àga, kò sì yan àwọn tó dúró tì í. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú tí ayé fi mọ Ọba Ìbíní nìyẹn, ojú ẹni tí wọ́n dè. Lójú tiwa, gbogbo iṣẹ́ tí Alonge ṣe títí ó fi darúgbó, èsì ni ó jẹ́ sí fọ́tò yẹn.

Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ní àwọn ọdún 1920, ló ti ń fọwọ́ kan kámẹ́rà. Nígbà tó máa fi di 1933, ó ti mọ iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ààfin fi lè gbé ohun ńlá lé e lọ́wọ́. Ọdún yẹn ni Eweka Kejì wàjà, tí ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́ ní oṣù kẹrin, tó sì gba orúkọ Akenzua Kejì. Ẹni ọdún 34 ni ọba tuntun náà, ọ̀mọ̀wé tó ti lọ sí King's College ní Èkó. Ẹni ọdún 22 ni Alonge. Láti ìgbà náà ló ti di ayàwòrán ààfin, ọmọ onílùú àkọ́kọ́ tó wà ní ipò yẹn. Kò fi ipò náà sílẹ̀ títí ọba fi wàjà ní 1978. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọdún 45. Ẹni ọdún 34 kan jókòó, ẹni ọdún 22 kan tẹ bọ́tìnì. Ní ìgbẹ̀yìn, ẹni ọdún 79 ló jókòó, ẹni ọdún 67 ló tẹ̀ ẹ́.

Ó yẹ kí a sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí nígbà yẹn, torí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fi fóònù ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ àárọ̀ lè má mọ̀. Kámẹ́rà ìgbà náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kì sápò. Àpótí ńlá ni, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ayàwòrán á fi aṣọ dúdú bo orí, á wo ojú dígí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á sì rí ẹni tó fẹ́ yà ní ìdoríkodò, ẹsẹ̀ lókè, orí nílẹ̀. Àwo dígí tí wọ́n fi oògùn fàdákà pa lójú ló ń gba àwòrán kí fíìmù tó gbilẹ̀. Bí ẹni tí à ń yà bá mira, ojú rẹ̀ á di méjì. Ó wà lára ìdí tí àwọn bàbá wa fi le ojú kankan nínú fọ́tò àtijọ́; kì í ṣe pé inú ń bí wọn. Dígí kan, àwòrán kan, owó kan. Lẹ́yìn náà ni yàrá òkùnkùn, níbi tí wọ́n ti ń fi omi oògùn fọ dígí náà títí àwòrán yóò fi yọ, dúdú níbi tó yẹ kó funfun, funfun níbi tó yẹ kó dúdú. Láti ara nẹ́gétíìfù yìí ni wọ́n ti ń tẹ fọ́tò sórí bébà. Bí oníbàárà bá fẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn pọ́n, tàbí kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní àwọ̀, ọwọ́ ni wọ́n ń fi kùn ún, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Alonge ṣe irú rẹ̀ púpọ̀.

Kámẹ́rà yìí ló gbé wọ ààfin. Ó ya ọba nínú aṣọ iyùn láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ya àwọn ìjòyè nínú aṣọ oyè wọn, ó ya ọdún Igue, ó ya àwọn ọmọ ọba bí wọ́n ti ń dàgbà. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni pé ó ya àwọn olorì pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ ààfin Ìbíní mọ̀ pé ibi tí àwọn ìyàwó ọba ń gbé kì í ṣe ibi tí ọkùnrin ìta ń wọ̀. Wọn kò jẹ́ kí ojú kan wọ́n bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n jókòó níwájú Alonge, irun wọn ga bí adé, iyùn bo orí àti ọrùn wọn, wọ́n sì wo kámẹ́rà rẹ̀ lójú. Ẹni tí ààfin gbẹ́kẹ̀ lé ni ó lè rí bẹ́ẹ̀. Irú ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn ló ń mú kí wọ́n tún pe ènìyàn padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àti lọ́dún kejì, títí dé ogójì ọdún.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ní 1938, wọ́n dá adé iyùn méjì àti ẹ̀wù iyùn kan tó jẹ́ ti Ovonramwen padà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ní 1956, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Ìbíní. Alonge wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀. Ní 1960, òmìnira dé. Ní 1963, wọ́n dá ẹkùn Àárín Ìwọ̀ Oòrùn sílẹ̀, ohun tí Ọba Akenzua fúnra rẹ̀ ti jà fún láti ọdún pípẹ́. Ní oṣù kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Ìbíní, wọ́n sì lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn. Ọba kan náà ló la gbogbo rẹ̀ kọjá, ayàwòrán kan náà sì ni. Ìwé ìtàn lè sọ ọdún tí nǹkan ṣẹlẹ̀ fún wa. Ojú ọba nínú fọ́tò ló ń sọ iye tí ó ná an.

Ohun tó mú kí irú iṣẹ́ báyìí ṣòro ni pé ọjọ́ orí kì í dé lójijì. Ẹni tí à ń rí lójoojúmọ́, a kì í mọ̀ pé ó ń darúgbó. Ìyá tó ń wẹ ọmọ kì í rí ìgbà tí ọmọ ń ga. Àlejò tó dé láti Èkó lẹ́yìn ọdún méjì ló máa pariwo. Fọ́tò ni àlejò yẹn. Ṣùgbọ́n fọ́tò ẹyọ kan kò lè ṣe é. Bí ayàwòrán mẹ́wàá bá ya ẹnìkan ní ìgbà mẹ́wàá, ìyàtọ̀ tí a máa rí lè jẹ́ ti kámẹ́rà, tàbí ti ìmọ́lẹ̀, tàbí ti ọwọ́. Bí ọwọ́ kan náà bá yà á, láti ọ̀ọ́kán kan náà, nínú irú aṣọ kan náà, ohun tó bá yí padà nínú fọ́tò, ara ẹni náà ló yí padà. Aṣọ ọba kò yí padà. Iyùn kò darúgbó. Ojú tó wà láàárín iyùn nìkan ló ń yí.

Kì í ṣe ọba nìkan ló yà. Ní 1942, ó dá sítúdíò tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbíní, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Ideal Photo Studio. Níbẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń lọ. Aṣọ tí wọ́n ya àwòrán sí wà lára ògiri lẹ́yìn, àga wà níwájú, Alonge á sì sọ ibi tí kí ẹni náà gbé ọwọ́ lé. Ìyàwó ọ̀ṣìngín àti ọkọ rẹ̀ á wá. Akọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ á wá pẹ̀lú kóòtù. Ìyá ìkókó, àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ tó dá aṣọ kan náà bíi tiwa. Sítúdíò tó pẹ́ ní ìlú, ìran mẹ́ta ló ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé: ọmọ tí wọ́n gbé sórí tìmùtìmù ní ọdún kan ni yóò mú ìyàwó rẹ̀ wá ní ogún ọdún ó lé lẹ́yìn náà, tí òun náà á gbé ọmọ tirẹ̀ wá. Alonge ya ara rẹ̀ pàápàá ní sítúdíò yìí. Fọ́tò náà wà, nínú aṣọ tó dára, ọkùnrin tó mọ iyì ara rẹ̀.

Nílẹ̀ Yorùbá níbí náà, a kò fi ọ̀rọ̀ fọ́tò ṣeré. Ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ ọ́ sínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1978 pé ní Ìlá Ọ̀ràngún, fọ́tò ti ń gba ipò ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ẹnì kejì fún èyí tó wà láyé, wọ́n á sì tún un yà. Àwọn tó bá ń fi irú nǹkan yìí rẹ́rìn-ín kò tíì mọ ohun tí ìyá ìbejì ń wá nínú fọ́tò.

A mọ̀ ọ́n ní Mowo pẹ̀lú. Lẹ́nu ọdún mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ yìí ti wà, a ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ sin òbí. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni a ti rí i tí wọ́n ń wá fọ́tò ìyá kiri lálẹ́ ọjọ́ tí ó kú, tí a kò sì rí ju pásípọ́ọ̀tù ara káàdì ìdìbò lọ? Wọ́n á fẹ̀ ẹ́ títí ojú á fi di ẹ̀rún-ẹ̀rún, òun náà ni wọ́n á gbé sórí pósítà. Nígbà mìíràn, wọ́n á gé e jáde láti inú fọ́tò ìsọmọlórúkọ ẹlòmíràn, èjìká aládùúgbò á ṣì wà létí rẹ̀. Ìyá tó ta ẹja ní Agbálátà fún ọgbọ̀n ọdún, ó yẹ kó ní fọ́tò tí ó fúnra rẹ̀ jókòó fún. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń ti òkun wá kò ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀rinrin máa ń jẹ kí fọ́tò lẹ̀ mọ́ dígí férémù, èbu á sì jẹ ìyókù. Sítúdíò kan tún wà lójú ọ̀nà yìí tí a kò ní dárúkọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ya fọ́tò ìgbà èwe níbẹ̀. Nígbà tí ó kógbá sílé, wọ́n kó páálí nẹ́gétíìfù síta, wọ́n sì dáná sun ún pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ojú àwọn bàbá wa wà níbẹ̀.

Nínú ìwé yìí, ẹ ó rí fọ́tò ẹgbẹ́ méjì lójú ewé tó kọjú síra: ti ọdún tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ àti ti ọdún yìí. A ní kí kálukú dúró síbi tó dúró sí nígbà náà. Àwọn àlàfo tí ẹ bá rí nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì, a mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ni.

Kí a padà sọ́dọ̀ Alonge. Ìwà kan ló yà á sọ́tọ̀ sí ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe ìwà tó ń mú owó wọlé: ó pa nẹ́gétíìfù mọ́. Dígí wúwo, dígí ń fọ́, ó ń gba àyè. Ẹni tó ti gba fọ́tò rẹ̀ kò bìkítà mọ́. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló ń fọ ojú dígí náà kúrò láti tún un lò tàbí láti tà á. Alonge kó tirẹ̀ jọ, láti ìgbà ọ̀dọ́ títí dé ọjọ́ ogbó, nínú ooru àti ọ̀rinrin kan náà tí ń bá àwa náà jà.

Nígbà tí Akenzua Kejì wàjà ní 1978, ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé iṣẹ́ parí. Ní oṣù kẹta 1979, Ọba Erediauwa gorí ìtẹ́. Alonge ń lọ sí ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì ń bá iṣẹ́ ààfin lọ fún ọba tuntun náà, ọmọ ọba tó ti ń yà láti 1933. Ojú tí òun ti mọ̀ láti ìgbà tí ọba tuntun wà ní ọmọ ọba ló tún ń wá nínú kámẹ́rà. A kò rò pé ayàwòrán púpọ̀ ló rí irú rẹ̀ nínú ayé wọn.

Ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, Flora Kaplan, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí nípa ààfin àti àwọn obìnrin ààfin Ìbíní, rí iyì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe ìtọ́jú àkójọ náà. Olóyè Alonge kú ní 1994. Ní 2009, àkójọ rẹ̀ dé ọwọ́ ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà Áfíríkà tó wà lábẹ́ Smithsonian ní Washington. Àwọn kan nínú wa kò fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà. Wọ́n ní idẹ lọ, fọ́tò náà tún lọ. Ẹjọ́ wọn kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n a fi ẹ̀ bí ìyàtọ̀ ti tó: idẹ, ìbọn ló kó o, fọ́tò, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ló fi í síbi tí èbu kò ti ní jẹ ẹ́. Kí a bi ara wa ibi tí nẹ́gétíìfù sítúdíò tiwa wà.

Ní 2014, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Washington, ó sì wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní 2017, wọ́n gbé àfihàn náà wá sí ilé, sí ilé ìṣúra ìjọba tó wà ní Ìbíní. Ọ̀pọ̀ fọ́tò náà ni kò ní orúkọ lára. Ẹni tó mọ orúkọ wọn ti lọ ní 1994. Àwọn ará ìlú ló wá ń wọlé, wọ́n ń dúró níwájú ọ̀dọ́mọbìnrin oníyùn kan, ọkùnrin oníkóòtù kan, ọmọ kan lórí àga, wọ́n sì ń sọ ẹni tó jẹ́: ìyá àgbà ẹnìkan, bàbá ẹnìkan, ní ọjọ́ orí tí àwọn ọmọ wọn kò bá wọn níbẹ̀ rí.